Ta Lẹ Ra Áńpù Yẹn Fún?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ gba ẹ kú ilé lọ́wọ́ mi. Ara Màmá le, àyàfi orúnkún wọn tí kì í fẹ́ kí òjò rọ̀. Iṣu ta dáadáa lóko lọ́dún yìí. Bùrọ̀dá ti padà sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ áńpù yẹn ni. Ó ti dà mí lórí rú, kò sì sí ẹni tí mo lè bi àfi ẹ̀yin, ẹ̀yin náà ò sì ní dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dá mi lójú. Ẹ bá ọkọ̀ oníṣu lọ sí Ìlọrin, ẹ sì gbé páálí kan bọ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, ẹ fi gèlè Màmá bò ó, ẹ ò sì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí iná ní gbogbo Ìlọ́fà nígbà yẹn, mo rò pé iná lẹ ń dúró dè. Kí iná tó dé, ibà dé. A ò bi yín ní nǹkan kan, torí a rò pé ẹ máa dìde.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ẹbí jókòó láti pín ogún, Bùrọ̀dá ṣí páálí náà. Áńpù ni, ẹ̀rọ tó ń mú ìró tóbi, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ gìtá oníná: àpótí dúdú kékeré kan tí kò ga ju àpótí ìjókòó Màmá ní ìdáná lọ, bọ́tìnì mélòó kan lójú ẹ̀, ihò kan fún wáyà gìtá. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí, torí ilé òkú la wà. Àmọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, Bàbá Ààfáà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ ti ṣèlérí níwájú gbogbo àwọn tó wá kírun ní Jímọ̀ pé ẹ̀yin ládàánì fúnra yín máa ra ẹ̀rọ tí wọ́n á máa fi pe ìrun. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí: ohun tí òkú bá ti fẹnu fi fún mọ́ṣáláṣí, a kì í kà á mọ́ ogún, a ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni. Bùrọ̀dá ní òun gbà, mọ́ṣáláṣí lẹ rà á fún. Màmá ní irọ́ ni.

“Ọmọ ẹ̀ ló rà á fún. Ẹ mọ́ gbé e kúò n'ulé mi.”

Mi ò rí Màmá kí wọ́n gbójú sí Bàbá Ààfáà bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ rántí gìtá náà. Kọ́pà tó kọ́ wa ní ìṣirò níléèwé ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Gìtá oníná tí kò bá sì ti ní áńpù, igi lásán ni; ìró rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Igi onírin lẹ máa ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo máa ń ta á, ẹ̀yin á sì gbé àga yín wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ẹ ó máa fa tẹ̀súbáà. Ẹ ò sọ pé ó dáa, ẹ ò sọ pé kò dáa. Nígbà mìíràn tí mo bá ṣi okùn tẹ̀, ẹ ó wúkọ́. Ṣé ikọ́ lásán ni? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi ni, àbí atẹ́gùn lẹ wá gbà, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù nínú ilé wa?

Mo sì tún mọ̀ pé ohùn yín ń lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìpè ìrun yín máa ń dé ọ̀nà Odò-Ọwá, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á sì yára ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wà lẹ́yìn ọjà ò gbọ́ mọ́. Ẹ ń jẹ atalẹ̀, ẹ ń lá oyin, ẹ ò ráhùn fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà Bùrọ̀dá náà ò ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ta ló nílò ẹ̀rọ tó ń mú ohùn tóbi bí kò ṣe ládàánì tí ohùn ẹ̀ ń tán lọ?

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Màmá bá mi jà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ wà nínú sàréè pẹ̀lú ìlérí lọ́rùn. Iná ti dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó gba ipò yín ki wáyà máíkì bọ̀ ọ́, ó sì pe ìrun sínú ẹ̀. Bàbá, ohùn tó jáde ò jọ ti èèyàn. Ó ń kùn bí ọ̀pọ̀lọ́ tó kó sínú ìkòkò, kò sì kọjá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Bàbá Ààfáà yí bọ́tìnì kan, ó burú sí i. Wọ́n yí òmíràn, ó tún burú jùyẹn lọ. Níkẹyìn wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e jáde wá fún mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń kọ́ nǹkan nínú yàrá lèyí, kì í ṣe èyí tó ń pe ìlú, pé Ọlọ́run ti gba àníyàn yín, kí n máa gbé e lọ sílé.

Gbogbo èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń rà, a jẹ́ pé èmi lẹ rà á fún, ẹ wá fi ìlérí mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ nítorí igi onírin, nígbà tí ohùn tiyín ń tán lọ. Bí ẹ ò bá mọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń mú ohùn tóbi lẹ béèrè tí wọ́n fi áńpù akẹ́kọ̀ọ́ lé yín lọ́wọ́, a jẹ́ pé atẹ́gùn lásán lẹ ń gbà lẹ́nu ọ̀nà mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àbí méjèèjì lẹ fẹ́ rà, tí ẹ kọ́kọ́ ra tèmi? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra ọkọ́ láìgbé e sókè wò lójú oòrùn, ṣé ẹ ò ní kí wọ́n dán an wò? Ṣé gìtá ni wọ́n ta sí i níṣojú yín, àbí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Láàárọ̀, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Tó bá di àkókò ìrun, tí mo gbọ́ ohùn ẹlòmíràn níbi tí ohùn yín máa ń wà, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́. Ó dún, Bàbá. Ó kún gbogbo yàrá. Mo ta ìwọ̀nba tí mo mọ̀, mo yí i sókè, mo tún yí i sókè títí fèrèsé fi ń gbọ̀n, tí ewúrẹ́ Màmá sá kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí a dín rédíò kù, kí a dín ẹ̀rín kù, pé ariwo kan ṣoṣo ló yẹ kó ti ilé ládàánì jáde. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé èmi kọ́ lẹ rà á fún, ẹ máa ní kí n dín in kù. Mo gbọ́wọ́ lé okùn, mo dúró. Màmá wà lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó ní kí n dín in kù. Mo sunkún, Bàbá, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni, àbí nítorí pé ẹ ti kú ni.

Ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
tí kò tíì dín in kù.