Igbe Tí Mo Kọ́ Orogún Rẹ

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le bí òkúta. Èmi mẹkáníìkì tó ń dá ẹ́ńjìnnì gbé! Ọmọ-ọmọ wa, orogún rẹ kékeré, ń gbìyànjú ní ọsibítù níbí. Egungun ṣì ń ro ó, ó kàn ń mú un mọ́ra, torí mo fọ́nnu pé ìdílé wa kì í sunkún. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, bí kò bá ké, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tó àsìkò oògùn?"

Ni mo bá figbe ta: "Yéè! Orúnkún mi o!" Gbogbo wọ́ọ̀dù mì tìtì. Ọmọ rẹ́rìn-ín, lòun náà bá ké tirẹ̀. Oògùn dé.

Èmi ṣì ń sunkún nígbà tí nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́, ó ti sùn."

Orúnkún ló ń dùn mí o, má rò ó sí nǹkan mìíràn. Orogún rẹ ní kí n kí ọ.