Ẹnu Ògiri àti Kànga Àbúrò Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, akọ́wé tí mo fi búlọ́ọ̀kù rán níléèwé,

Mo kí ọ o. Kí ara rẹ le bí òkúta. Èmi ò ṣàìsàn, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Bírò yìí ń wúwo lọ́wọ́ mi ju ṣọ́bìrì lọ.

O rántí gíráàfù tí o lẹ̀ mọ́ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ògiri ti lanu? Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń fi rúlà wọn ẹnu yẹn, tí mo ń fi àmì sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, n ò pa ọ̀kan jẹ. Àwọn àmì náà tò gbọọrọ bí okùn tí a ta sí ìpìlẹ̀ ilé.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ ta ló kọ́lé tó mi ládùúgbò yìí? Mo jókòó tì í, mo wá ìdọ́gba rẹ̀ fúnra mi. Níbi tí ìlà ti kan ìlà òòró, mìlímítà mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń fi ẹyọ kan kún un. Nítorí náà, ìbú ẹnu ògiri jẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú ìdajì iye ọ̀sẹ̀. Tíṣà rẹ ò lè ṣe é ju báyẹn lọ! O ní tó bá di mẹ́wàá ká kó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

O mọ̀ pé Bàbá rẹ Kékeré ni mo ń dá lẹ́bi. Mo ní kànga tó gbẹ́ sẹ́yìn ilé, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú gíráàfù, ló ń fa ilé mi lulẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn lójú ìyàwó rẹ̀ títí ó fi dí i. Kànga olómi tútù! Ohun tó sọ kò ju "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́." Ó dí i tán, ìlà ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fa ìlà náà padà sẹ́yìn, kọjá ìlà òòró, títí ẹnu ògiri fi di òdo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú àmì àkọ́kọ́. Ọmọ mi, kò tíì sí kànga nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wó òpó ìsàlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù mi lè fẹ̀. Bàbá rẹ Kékeré bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, òpó yẹn ò gbé nǹkan bí?" Mo ní ṣé wẹ́dà ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ bíríkìlà.

Mo ká gíráàfù, mo gbé e lọ bá a. Mo ní èmi ni. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé bébà wá gbọ́n jù mí lọ ni?" Ẹ̀rín pa á. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òpó irin méjì wá, ó jó wọn mọ́ abẹ́ àjà. Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó rẹ̀ mí jù.

Láàárọ̀ láàárọ̀, mò ń tún kànga rẹ̀ gbẹ́. Èmi fúnra mi, n ò gba lébìrà. Ilẹ̀ ti dé mi láyà, omi ò tíì yọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ ju gbogbo ilé tí mo kọ́ lọ. Kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ yá ju ojú rẹ lọ, bíi tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ, ọ̀gá bíríkìlà síbẹ̀.

Àfikún: Mo wọn ògiri láàárọ̀ yìí. Mẹ́jọ àbọ̀, bíi ti Àìkú tó kọjá. Ìlà ti sùn. Ó wá ku ti kànga: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni jíjìn rẹ̀, mo ti gbẹ́ mẹ́rin, ẹyọ kan lójúmọ́ sì ni agbára mi gbé. Bá mi ya ìlà yẹn, kí o sọ ọjọ́ tí n óò sinmi fún mi.