Òfo Náírà Tí Ẹ Kọ Síwájú Màmá

Kí n tó kí yín, Bùọ̀dá Jídé, ẹ jẹ́ ká yanjú ohun tí a jẹ ara wa. Èmi jẹ yín ní ìdáhùn lórí mílíọ̀nù mẹ́rin tí ẹ ní kí n fi bá yín dá iléeṣẹ́ oògùn oorun sílẹ̀. Ìdáhùn náà ni pé n kò ní í san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà jẹ mí ní ìdáhùn kan, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń pè yín lórí Màmá, tí fóònù ń dún tí ẹ̀ ń wò ó níran. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn wọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn, ẹ máa ń kà á.

Ẹ kú ilé o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Mo kí Màmá wa lórí ìkúnlẹ̀, bí wọ́n bá wà lójúfò láti gbọ́ ọ.

Ní Onítìṣà níbí, òjò kò jẹ́ ká sinmi. Ọ̀nà Trans-Nkisi tí mò ń gbé ti di ẹrẹ̀, páálí bísíkíìtì méjì ló rin gbingbin kí n tó gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù ní Relief Market. Àwọn ọmọ mi, Ìgbò ni wọ́n fi ń bára wọn jà. Bí nǹkan bá ká mi lára, kò sẹ́ni tí mo lè fi èdè ìyá mi sọ ọ́ fún.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ sì sọ ọ́ sí mi lójú nígbà tí mo bi yín nípa ìṣirò yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà, pé ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ka oògùn fún aláìsàn ní ọsibítù. Ó dáa. Mo tẹ ojú ewé méjèèje ìṣirò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi jáde, mo gbé e lọ sí ìlú Oba nítòsí ibí, sọ́dọ̀ oníbàárà mi kan tó ní iléeṣẹ́ oògùn ikọ́. Ẹ pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ kọ iye ẹ̀rọ, ẹ ò kọ epo dísẹ́ẹ̀lì tí yóò máa mu. Ó ní iye tí ẹ kọ fún ìyẹ̀fun oògùn tí ń ti òkè òkun wá, dọ́là ti gbé e lọ tipẹ́. Ó ní èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe kò ṣeé tà rárá: ẹ ó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń bàjẹ́. Ó ní oògùn oorun ni lóòótọ́, owó ẹni ni yóò kọ́kọ́ sùn.

Gbogbo ìyẹn kò bí mi nínú. Èmi náà ti ra ọjà rí tí mo gbàgbé owó alábàárù. Àfi ìgbà tó ṣí ojú ewé karùn-ún tí ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánwò lára ènìyàn, òfo náírà, Màmá wà nílé. Ó bi mí pé ta ni Màmá. Mo ní ìyá wa ni, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó pè mí ní nwanne m, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ kẹ́dùn, ó ní kí n pe ilé kí n tó ka ìyókù.

Ṣadé àbúrò wa ni mo pè, ẹni tó ń wá wo Màmá lọ́jọ́ ọjà.  Ó ní láti bí oṣù méjì lẹ ti ń fún wọn ní oògùn funfun kan tí ẹ pò fúnra yín, tí ẹ ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Ó ní oòrùn á ti mú kí wọ́n tó jí. Ó ní wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, eyín wọn kan yọ, ẹ sì ní kó má sọ fún mi torí pé mo máa ń pariwo.

Mo mọ̀ pé Màmá kì í rí oorun sùn látìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń bá wọn ṣe àìsùn náà, èmi ò sí nílé. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ohun tó bá ti jẹ́ ti ẹbí, a kì í ṣírò rẹ̀. Ìyàwó yín yóò dáná fún òṣìṣẹ́, òfo. Àbúrò yín yóò pín oògùn kiri Onítìṣà, òfo. Mo rẹ́rìn-ín sí tèmi. Màmá ńkọ́? Ọkùnrin Oba yẹn ka ohun tí ìdánwò ń ná èèyàn fún mi: dókítà tí yóò dúró ti ẹni tí wọ́n ń dán oògùn wò lára rẹ̀, owó ẹni náà tó fọwọ́ sí i pé òun gbà, owó ìtọ́jú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ro ó pọ̀. Ó ju owó ẹ̀rọ yín lọ. Bùọ̀dá, ìyá wa lẹ fi dín owó kù.

Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sọ bí wọn yóò ṣe kúrò lórí oògùn náà. Owó ìyẹn nìkan ni n ó san. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pè mí, kí ẹ gbé fóònù sí Màmá létí, kí n gbọ́ ohùn wọn. Bí n kò bá gbọ́ ọ, mo ń bọ̀ wá gbé wọn. Mo ti tẹ́ ibùsùn sí yàrá ẹ̀yìn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé, kò ní í jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Ẹ bá mi kí Ṣadé, ẹ má sì bá a jà. Ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi àbúrò yín, Mojí, tí yóò máa retí ìpè yín ní Ọjọ́bọ̀.