Ìbọn Tí Èjìká Mi Lè Gbà

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá 2014

Oyèkọ́lá, ọkọ mi, Ọdẹ Levenshulme nílùú òyìnbó. Ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́ta rèé tí ẹ ti fi mí sílẹ̀. Andrew, ọ̀rẹ́ ọdẹ yín, pè láti oko rẹ̀. Ọlọ́pàá gbà kí ìbọn yín wà lórí ìwé àṣẹ tirẹ̀ títí di Kérésì. Lẹ́yìn náà, kí n gba ìwé ìbọn tèmi, tàbí kó bá mi tà á. Tà á kẹ̀? Ìbọn tí ẹ máa ń nù ju bàtà ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ! Mo ní mò ń bọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín.

Ìṣẹ́gun, 7

Iṣẹ́ ní Stockport. Màmá tí mò ń tọ́jú ní tíì mi ti tutù. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 11

Mo jókòó sídìí tábìlì tí ẹ̀yin àti Andrew ti máa ń di katiríìjì. Oyè mi, ẹ̀rù bà mí — ẹ̀rù dáadáa, bíi ti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkarawun idẹ tí wọ́n ti yìn rí, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ẹ̀tù díẹ̀, kò kún ṣíbí tíì, lórí òṣùwọ̀n tí èémí mi lásán ń mì. Andrew ní kí n yíjú kí n tó mí. Lẹ́yìn náà ọta, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu jẹ́jẹ́. Ohun tó kéré báyìí!

Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fẹ́ bu ẹ̀tù kún un dẹ́nu bí ẹni ń ki ṣakabùlà bàbá yín. Òun pariwo: "Kola, you'll have both our heads off!" Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí.

Lẹ́yìn náà mo yìn ín. Ọ̀gá — ẹ̀yin lẹ sọ ìbọn 308 yín lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ta mí nípàá léjìká bí ẹṣin. Ọta tàsé àmì, ó wọ koríko lọ.

Àìkú, 12

Èjìká ti dúdú. N kò lè nawọ́ sókè nígbà ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sister Níkẹ́: "Mummy Tóyọ̀sí, ṣé ẹ ti di sójà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti Olúwa.

Àbámẹ́ta, 18

Mo bẹ Andrew kó dín ẹ̀tù kù. Ó dín in. Ọ̀gá rọ̀ díẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń dijú kí n tó fà á. Mo ní kó tún dín in. Ó kọ̀. Bí agbára ọta bá kéré ju báyìí lọ, òfin ò gbà ká fi pa àgbọ̀nrín. Yóò kàn ṣe é léṣe ni. Ó gbé ìbọn kékeré tirẹ̀ wá, 243, tí kì í tani púpọ̀ tí òfin sì gbà. "Try this one, Bisi love." Mi ò fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe tiyín.

Ọjọ́rú, 22

Mo pe ìyá yín ní Ìmẹ̀kọ. Mo rò pé wọ́n á ní obìnrin kì í gbé ìbọn. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Ìyàwó mi, ta lo rò pé ó ń gún ẹ̀tù fún bàbá ọkọ rẹ? Èmi ni! Apá yìí ni!"

 Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò mọ̀.

Mo ro ẹjọ́ Ọ̀gá fún wọn.  Wọ́n ní ọta bàbá yín ba ìgalà kan rí, kò pa á. Bàbá tọpa rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹkún ni wọ́n sun wọlé. "Ìbọn tí ọwọ́ rẹ bá mọ̀ ni ìbọn rẹ. Oyèkọ́lá ò sí nínú irin, ọmọ mi."

Àbámẹ́ta, 25

243. Ó ba àmì. Ó tún bà á. Ojú mi là sílẹ̀ kedere.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Yìnyín lórí koríko. Èmi àti Andrew dojúbolẹ̀. Abo àgbọ̀nrín kan jáde, ó gbórí sókè, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín. Ọlọ́run ńlá! Katiríìjì tí mo fọwọ́ ara mi dì. Mo fà á. Kò sá, kò ké. Ó wó lulẹ̀ níbi tó dúró sí. Andrew ṣí fìlà. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná. Ẹkún tí n kò rí sun níbi ìsìnkú yín, ibẹ̀ ni mo ti sun ún.

Àìkú, 9

A dín ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Tóyọ̀sí wa ní ó dùn gan-an: "That's dead nice, Mum." Mo pe Andrew pé kó ta Ọ̀gá. "You sure, love?" Ó dá mi lójú. Ó dùn mí dé egungun, ó sì dá mi lójú. 243 ni mo máa gba ìwé fún.

Màá máa dẹ ìgbẹ́ lọ, Oyè mi. Ẹran kankan ò ní tọwọ́ mi jìyà.