Bí Mo Ṣe Gbé Ọbẹ̀ Gba Ẹnu Ọ̀nà Iwájú

Agboolé Olóyè-Ọdẹ,
Lẹ́yìn Ọjà Mọ́níyà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2020.

Tiwaladé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún? Bàbá Gift ńkọ́, ṣé ara wọn le? Gift fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣí ilé ìwé fún un, àbí orí rẹ náà ló ṣì ń gùn? Òtútù yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ ti dìde nínú àìsàn. Mo bá ọ yọ̀ o, Olúwa ò ní jẹ́ kó padà. Àwa náà wà níbí. A ò kú, a ò sì gbàgbé.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. N ò fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, torí orí fóònù ni wọ́n ti bà mí jẹ́. Jókòó kà á.

O rántí ilé oúnjẹ tí mo ti ń dáná, èyí tó jẹ́ pé bí bàtà èèyàn ò bá dán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á máa wò ó bí olè. Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bo aṣọ funfun orí tábìlì ibẹ̀. Màdáàmù Fẹ̀yìntọlá tó ni ibẹ̀ ti máa ń fi àwọn tó ń ta oúnjẹ orí fóònù ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní oúnjẹ ọlọ́lá kì í gun ọ̀kadà. Àmọ́ nígbà tí ilé ṣófo, òun náà sáré forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù tí wọ́n fi ń béèrè oúnjẹ. Ẹ̀fọ́ rírò onígbìn-ín tí mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá mi olóògbé ló fi ṣíwájú. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà ò fi dá lẹ́nu géètì mọ́.

Ó ti lé àwọn kan nínú wa, iṣẹ́ wá wọ àwa tó kù lọ́rùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ra ìbòmú fún wa, kó sì mú ènìyàn kan kún wa. Ó ní, "Morónikẹ́, ìwọ lo wá fẹ́ máa kọ́ mi ní iṣẹ́ mi?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Àmọ́ bí n bá dùbúlẹ̀, ta ló máa ro ẹ̀fọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń dín ata, ó ta mí nímú, mo sín. Màdáàmù ní kí n bọ́ aṣọ ìdáná, kí n máa lọ.

Lílé tó lé mi kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀rù ń bà á pé mo lè lọ dá tèmi sílẹ̀ lórí áàpù kan náà. Ló bá ká ohùn rẹ̀ sórí Wáàsáàpù, pé Morónikẹ́ kan tó ń gbé lẹ́yìn ọjà Mọ́níyà ti kó kòrónà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì sún mọ́ ilé wọn. Kí n tó délé, ohùn náà ti débẹ̀.

Àwọn tí a jọ ń fa omi nínú kànga kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn bí mo bá yọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Mo sáré bọ́ sí títì, mo ń pe ọlọ́kadà. Ẹni àkọ́kọ́ dúró, ó wojú mi, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń sọ?" Ó ṣíná, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó pàǹtí ni mo gbé bàbá mi sí, Tiwa, èmi nìkan ni mo tì í dé ọsibítù nínú oòrùn. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, apá ọ̀tún wọn ti kú, ẹnu wọn ti wọ́. Àwọn dókítà yẹ èmi náà wò, wọn ò rí kòrónà kankan lára mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo búra lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi pé obìnrin yẹn á mọ̀ mí.

Nígbà tí ìjọba ṣí ìlú díẹ̀, mo dáná nínú ilé wa, mo sì forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù yẹn. N ò lo orúkọ mi. Ti bàbá mi ni mo lò, mo pè é ní Ìdáná Láyí. Rilwan, ọlọ́kadà kan láti Ṣáṣá tó ń gbé oúnjẹ fún áàpù náà, ló ń bá mi gbé e. Kò pẹ́, ẹnì kan tó ń jẹ́ Sàníù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀fọ́ onígbìn-ín lójoojúmọ́, iye tí agboolé kan ò lè jẹ tán. Mo bi Rilwan pé irú èèyàn wo ni. Ó ní, "Àǹtí, awakọ̀ tí Màdáàmù Fẹ̀yìntọlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni. Ilé oúnjẹ ńlá kan ní Bódìjà ni, géètì ẹ̀yìn ni mo máa ń gbé e sí."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọbẹ̀ ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ látìgbà tó ti lé mi, àwọn oníbàárà ti ń kùn, ló bá ń ra tèmi, ó ń tú u sínú ike tirẹ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni.

O máa ní kí ló dé tí n ò pariwo nígbà náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ńṣe ni mo tún ń se ọbẹ̀ ọ̀hún dáadáa sí i. Mo fẹ́ kó fara tì mí débi pé bí mo bá yẹ̀, ilẹ̀ lá bá ara rẹ̀. Bí mo bá ń nu itọ́ lẹ́nu bàbá mi, màá máa rò ó, inú mi á sì máa dùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, n ò ní purọ́ fún ọ.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbà kí àwọn èèyàn tún máa jókòó jẹun. Màdáàmù pe àwọn ẹni ńlá wá jẹun ọ̀sán, Sàníù sì béèrè oúnjẹ tó kún àpótí. Mo sè é bí ẹni ń se ti ọba. Mo wọ ìbòmú, mo jókòó sẹ́yìn Rilwan. Nígbà tí a dé Bódìjà, ó fẹ́ yà sí ẹ̀yìn. Mo ní, "Iwájú là ń gbà lónìí."

Bí mo ṣe wọlé, Màdáàmù dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó ń sọ fún wọn pé ìyá òun àgbà ló kọ́ òun ní ẹ̀fọ́ náà. Mo gbé àpótí lé orí aṣọ funfun. Mo ní, "Ẹ káàsán o. Oúnjẹ tẹ́ ẹ béèrè ní Mọ́níyà ti dé. Ta ni Sàníù?"

Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ mú mi jáde. Mo bọ́ ìbòmú.

"Èmi ni, Mà. Morónikẹ́ tẹ́ ẹ ní ó kó kòrónà. Ẹ̀fọ́ mi lẹ ti ń tà fún wọn látọjọ́ yìí."

"N ò mọ obìnrin yìí rí o!"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Sàníù ti sáré jáde láti ilé ìdáná, òógùn ti bò ó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn lẹ máa ń gbé e gbà, kí ló dé tẹ́ ẹ gba iwájú?"

Olóyè Hezekiah, àgbà nínú àwọn oníbàárà ibẹ̀, rọra fi ṣíbí lélẹ̀. Wọ́n ní, "Fẹ̀yìntọlá, ẹni tó o ní kí gbogbo ayé sá fún, oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ lo fi ń bọ́ wa?" Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró wò wọ́n títí ẹni tó kẹ́yìn fi jáde. N ò kánjú.

Nígbà tó yá, ó pè mí, ó ń sunkún. Àwọn oníbàárà ti sá, áàpù ti yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó má bẹ̀ mí lórí fóònù. Kó wá sí Mọ́níyà, kí ẹnu tó bà mí jẹ́ wá tún un ṣe.

Ó wá lánàá. Mo pe gbogbo agboolé jáde. Ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Irọ́ ni mo pa. Kò sí àrùn kankan lára Morónikẹ́." Àwọn kan nínú àwọn aládùúgbò wa ń wo ilẹ̀. Ìyá Yasir tó ń gbé yàrá kejì sí wa ní ó tó, kí n jẹ́ kó máa lọ. Mo ní kò tíì tó. Mo mú un wọ yàrá bàbá mi, mo gbé abọ́ ọ̀gì àti ṣíbí lé e lọ́wọ́, mo ní kó bọ́ wọn.

Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n jẹ ṣíbí kan, wọ́n jẹ èkejì. Wọ́n wá fi ẹnu wíwọ́ yẹn bi mí pé, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Bàbá, òun ni."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n pa ẹnu dé. Ọ̀gì ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n wọn, Màdáàmù ń fi etí gèlè rẹ̀ nù ún, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ la ẹnu." Wọ́n fi apá tó ṣẹ́kù fún wọn yí ara wọn sí ògiri. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ọ̀gì fi tutù.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí n dárí jì í, aládùúrà ni ẹ́, mo sì mọ inú rẹ. Jọ̀ọ́, má tíì sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣí tán, bàbá mi yíjú padà, wọ́n la ẹnu. Mo gbé ọ̀gì náà kaná, mo bọ́ wọn títí ó fi tán.

Bá mi kí Bàbá Gift, kí o sì dì mọ́ Gift fún mi. Kí ìyá ọkọ rẹ náà, sọ fún wọn pé bàbá mi ní kí wọ́n kú ewu.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Morónikẹ́.