Ẹ̀hìndé Kò Lè Jẹ́ Táyé

                                        9, Òpópónà Ládépọ̀,
                                        Igbó-Elérin,
                                        Òkòkòmáíkò,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1994.

Àsánì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ẹsẹ̀ mi òsì tó ń ro mí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi, ẹ̀fọn, páànù ẹ̀yìnkùlé tí mo ń bẹ̀rù pé àkọ́rọ̀ òjò yóò ṣí lọ: àwọn wọ̀nyí ni mò ń kà fún ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n. Irọ́ ni mò ń pa fún wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún kan tó wà ní Lọ́ńdọ́nù ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ kú ààwẹ̀ o. Jọ̀wọ́, má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí ààwẹ̀. Rótìmí ọmọ rẹ sọ fún mi pé o ti ń dá lọ sí mọ́ṣáláṣí láìsí ẹni tó mú ọ lọ́wọ́. Inú mi dùn, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro àtẹ̀gùn ibẹ̀. Di ògiri mú. O mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí Ẹ̀hìndé ọmọ mi kò padà sí Lọ́ńdọ́nù lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, mo sì ń yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Físà oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un lọ́dún 1987, pé kó lọ ṣèbẹ̀wò kó sì padà. Ọdún márùn-ún ló lò. Ọ́fíìsì ló ń gbá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló bí Abíọ́dún sí, tí bàbá ọmọ náà sì sá lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan tó ń báni tọ́mọ, bí àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣe níbẹ̀, ó sì ń lọ wò ó ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí Àbíkẹ́ mi kú, ó sọ fún òyìnbó náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lòun ń lọ. Òun ni ẹ̀gbọ́n Táyé, òun ni àkọ́bí, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sínú ibojì ìyá wọn. Ìgbà tó fẹ́ padà ni wọ́n yẹ pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì físà, wọ́n ní ẹni tó sọ oṣù mẹ́fà di ọdún márùn-ún kò tún ní wọ ìlú àwọn mọ́.

A wá pinnu pé kí Táyé lọ mú ọmọ náà wá sílé. O mọ̀ pé ó ń ta rédíò ní Alaba, kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì fún un ní físà ìbẹ̀wò. Ó kù díẹ̀ kó lọ ni Ẹ̀hìndé kúnlẹ̀ fún un ní pálọ̀ mi.

Ó ní, “Táyé, ojú kan náà la ní. Ọmọ mi á rò pé èmi ni, á sáré wá bá ọ, ìgbà tó bá yá á wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Fún mi ní pásípọ́ọ̀tì rẹ.”

Mo pariwo. Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?”

Táyé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló lè dá wa mọ̀? Ẹ̀yin gan-an ẹ ṣì ń pè mí ní Ẹ̀hìndé.”

Bí Ẹ̀hìndé ṣe wọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú orúkọ Táyé nìyẹn. Nígbà tí Táyé gba físà, ó ti sọ fún wọn ní Èkó pé òun ní ìkejì, ẹ̀gbọ́n òun ni, ó sì ti gbé Lọ́ńdọ́nù rí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé físà rẹ̀. Obìnrin tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ́nù rí i kà, ó bá Ẹ̀hìndé ṣàwàdà, ó béèrè pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́. Àsánì, ọmọ mi ti sọ ara rẹ̀ di àbúrò láti Èkó títí dé ibẹ̀, ara rẹ̀ wá balẹ̀ nítorí ẹ̀rín obìnrin náà.

Ó fèsì pé, “Rárá o, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mo rán an pé kó lọ bá mi wo ayé.”

Obìnrin náà dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ní, “Ta lo rán?”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá a padà. Wọ́n fagi lé físà Táyé, wọ́n ní òun náà kò gbọ́dọ̀ wá mọ́.

Táyé dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń fi ọwọ́ lu ìlẹ̀kùn. “Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo ní kí o fi jẹ́ Táyé! Ìṣẹ́jú márùn-ún! Èmi tí mo ti ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, ṣé mo kú?”

Ẹ̀hìndé kò jà. Ó kàn ní, “N kò ronú, Táyé. Ẹnu mi ló ti mọ̀ ọ́n.” Àwọn méjèèjì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún, n kò sì mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́kún.

Lóṣù tó kọjá, a lọ pe òyìnbó náà láti ṣọ́ọ̀bù kan tó ní tẹlifóònù ní Alaba. Ó ní ọkọ òun ń ṣàìsàn, agbára òun kò gbé e mọ́, bí ìbátan ọmọ kankan kò bá dé kí ọdún Àjíǹde tó dé, òun yóò fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ó wá fún Abíọ́dún ní fóònù. Ẹ̀hìndé ń kì í, “Àyọ̀kẹ́ mi, Àyọ̀kẹ́ mi.” Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ó bi òyìnbó náà pé, “Mọ́mì, ta nìyí?” ó sì lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀hìndé di fóònù náà mú títí oníṣọ́ọ̀bù fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ló kù. Mo lọ sí ọ́fíìsì físà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jẹ́, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ máa padà?” Mo ní, “Ìyàwó mi wà nínú ọgbà mi ní Igbó-Elérin. Ta ni yóò máa ro koríko orí rẹ̀?” Ó fún mi ní físà oṣù kan.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àsánì. Bí ọmọ náà bá wo ojú mi tó ké ńkọ́? N kò mọ irun dì. Bí àìsàn bá dá mi dúró tí oṣù kan fi kọjá lórí mi ńkọ́? Ẹ̀hìndé ń rán aṣọ tí mo máa mú lọ fún un. Ìwọ̀n ìgbà tó fi í sílẹ̀ ló ń lò. Táyé sọ fún un pé kò lè gba ọmọ náà mọ́. Ó ń rán an lọ.

Jọ̀wọ́, fi kóòtù tó nípọn tí o ń wọ̀ nígbà tí o wà ní rélùwéè ní Jọ́ọ̀sì rán Rótìmí sí mi kíákíá. Bí n kò bá padà, bá mi máa wo àwọn ìbejì. Fi mí sínú àdúrà ìṣínu rẹ, èmi náà ń gbààwẹ̀ tèmi ní ilé àdúrà wa. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí gbogbo ará ilé.

Má wá sí pápákọ̀, ojú ọ̀nà kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta yìí, ni mò ń lọ.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
                                        Isaac Mákindé.