Fọ́ọ̀mù Íńdíà Tó Wà Lábẹ́ Ìrọ̀rí Mi

Sàmíát Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fọwọ́ sí, tí mo sọ pé mo ti fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ní Íńdíà láti oṣù mẹ́ta, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà, orí rẹ̀ ni mò ń sùn. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ: ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ onílẹ̀ le mọ́ ọ. Àlàáfíà ni a wà ní Ìbà níbí, òrùlé tó ń jò ti dákẹ́, adìẹ rẹ sì ti pa ọmọ mẹ́jọ.

Kì í ṣe pé mo kọ̀ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró mi o. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Láti yàrá dé ẹnu géètì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń jókòó, owó tí ẹgbẹ́ wa l'Álàbá dá sì ti pé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí o fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, ṣe ni mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí ikọ́ mi má baà dí àwọn dókítà lọ́wọ́. Mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ gba inú rọ́bà jáde lára ọkùnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ní dúdú, tó wọ inú ẹ̀rọ, tó padà sára rẹ̀ ní pupa. O ní ẹ̀rọ náà ló ń mí fún un, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ọkàn fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo sì mọ̀ pé bí a bá ń yí iná kúrò ní Nẹ́pà sí jẹnẹrétọ̀, bó ti wù kí ọwọ́ yá tó, ilé á kọ́kọ́ ṣókùnkùn díẹ̀. Nínú òkùnkùn díẹ̀ yẹn, tí ẹ̀dọ̀fóró mi ti dákẹ́, tí ẹ̀rọ ò tíì gbà á, Sàmíát, bàbá ta ni mo jẹ́?

Àná ni ìyá rẹ rí fọ́ọ̀mù náà níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni aráyé fi gbẹ́kẹ̀ lé irin tí mo bá tún ṣe, irin ẹlòmíràn ni èmi ò wá lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní ṣé mi ò rí àwọn alábàárù l'Álàbá ni, pé bí ẹrù bá wúwo, ẹnì kejì á ti ti orí bọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó yọ tirẹ̀. Ó ní òun ti bi dókítà wa léèrè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ẹ̀rọ á ti máa gbé èémí mi kí wọ́n tó yọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ mi, mo jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ àná.

Nínú fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí yóò sìn mí wá, orúkọ èèyàn méje ni mo kọ, torí gbogbo ilé ló ní àwọn á sìn mí lọ. Bí àyè ò bá gbà wọ́n, má jẹ́ kí wọ́n pa ti Jẹ̀lílì onílé wa rẹ́, fíìmù Íńdíà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ojúlówó sitabiláísà kan, irú èyí tí kì í jẹ́ kí iná ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ tó fẹ́ bá mi mí, kò yẹ kí n lọ bá a lọ́wọ́ òfo.

Ọlọ́run á jẹ́ kí n fi èémí tuntun pe orúkọ rẹ, kí n pè é gùn. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí lójú ìyá rẹ, a ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ fi ránṣẹ́ l'Ókokomaíkò. Màá sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ìdí kẹ̀kẹ́ náà, bí mo tiẹ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá rẹ,
Àsánì